Ẹni Tó Ń Sanwó Lọ́rì

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Òkìtìpupa kò ní ìwé kankan tí èèyàn lè ṣí wò. Kò sí àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò sí orúkọ akọ̀wé, kò sí fọ́tò kan tí gbogbo wa ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí kì í sì í bára mu. Bí mo bá bi ẹni mẹ́ta léèrè ta ló gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ tí a na àwọn ará Òde-Ìrèlè mọ́lé, orúkọ mẹ́rin ni màá gbọ́, ọ̀kan nínú wọn á sì jẹ́ orúkọ ẹni tí kò bá wa lọ rárá.

Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ náà. Gbogbo ìgbà tí a bá ra aṣọ tuntun ni orúkọ ń yí padà, àwọn ará ìlú kò sì fi ìkankan pè wá nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ Onígẹdú ni wọ́n ń pè wá, nítorí oníṣòwò gẹdú kan ló ń náwó lé wa lórí. Ohun tí mo rántí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1974, nígbà tí mo ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí di àárín ẹ̀wádún 1980 tí ẹgbẹ́ náà tú ká. Ìtàn owó ló sì jẹ́ lójú tèmi, ju ìtàn ẹsẹ̀ lọ.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo gbá láyé mi, rọ́bà ni. Igi rọ́bà kò ṣọ̀wọ́n ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní ìdájí, àwọn tó ń kọ rọ́bà á ti fi ọ̀bẹ fá èèpo igi náà, oje funfun á máa kán sínú ife tí wọ́n so mọ́ ọn. Kí oòrùn tó mú, èyí tó ṣẹ́kù lójú ọgbẹ́ igi á ti gbẹ di okùn gbọọrọ. Òun làwa ọmọdé máa ń lọ bó. A ó fi ẹyọ èkùrọ́ kan sí àárín, a ó máa wé okùn rọ́bà náà mọ́ ọn, a ó máa fà á kó le, títí yóò fi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bọ́ọ̀lù yẹn kì í gbọ́ràn. Tó bá kan ilẹ̀, ó lè fò kọjá òrùlé. Ẹni tó bá wá mọ̀ ọ́n dá dúró lẹ́sẹ̀, kò tún sí bọ́ọ̀lù tó lè ṣòro fún un mọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan ni àbùkù rẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kó wọ yàrá. Ìdí àmù níta ni tèmi ń sùn.

Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù aláwọ, àgbàlagbà oníṣẹ́ ni wọ́n. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń ná Ọ̀rẹ̀. A ní tíṣà méjì. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa, iṣẹ́ ìdílé wọn ni kí wọ́n máa pọn ògógóró, gbogbo ìlú ló sì gbà pé òun gan-an kì í tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà. Èmi kò fi gbogbo ara gbà á. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ń kọ ẹyìn. Ìjọba Western State ti dá oko ọ̀pẹ ńlá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 1968, iṣẹ́ ọ̀pẹ sì fa èèyàn wọ ìlú láti ibi púpọ̀. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá làwọn Ùròbò ti ń wá láti apá Wàrí, wọ́n ń kọ ẹyìn, wọ́n ń ṣe epo, wọ́n ń bímọ sáàárín wa. Ẹni tó ń gbá wíńgì ọ̀tún fún wa, ọmọ Ùròbò ni, Òkìtìpupa ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ tiwa jù mí lọ. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ẹ ò lè rí irú ọrùn ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹni tó ń kọ ẹyìn fún olóko, iye ìdì tó bá kọ ni wọ́n ń kà sanwó fún un. Ẹni tó ń lagi, ojúmọ́ ló ń gbà. Bí eré bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé ní Òde-Ayé tàbí Ìlútitun, kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́rìí ti gbọ́dọ̀ gbéra, owó ọjọ́ yẹn sì ti lọ nìyẹn. Ìyàwó á béèrè. Ọmọ á jẹun. Tìlù-tìfọn làwọn ará ìlú ń yìn wá, ṣùgbọ́n ìyìn kì í ra iyọ̀.

Onígẹdú ló rí sí i. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó rí nínú eré náà. Àwọn kan ní ó fẹ́ dupò ni, ṣùgbọ́n kò du ipò kankan títí tó fi kú. Ọkọ̀ Bedford tó fi ń kó gẹdú láti inú igbó ló ń gbé wa lọ, tí a bá ti fi ọwọ̀ gbá èèpo igi kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn eré, á jókòó sí iwájú ọkọ̀, á ṣí ilẹ̀kùn, á na ẹsẹ̀ kan síta, á gbé agolo tábà kan lé itan. Owó ló wà nínú rẹ̀. Kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló fi ń pè wọ́n.

“Kọyìn, wá gba tìẹ.”

“Ẹ ṣé, bàbá.”

“Lagi dà? Télọ̀, ìwọ ńkọ́, ṣé o ti rán aṣọ tí mo gbé fún ọ? Á-à. Gba ìdajì.”

Bó bá kan àwọn tíṣà, á pa agolo dé. “Ìjọba ti san tiyín.” Gbogbo ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín, àwọn tíṣà náà á fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Owó tó ń fún àwọn yòókù kì í ṣe owó bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn. Ó ní òun kò lè sanwó fún ẹni tó ń ṣeré. Owó iṣẹ́ tí wọ́n pàdánù lòun ń dá padà, nítorí òun lòun mú wọn kúrò níbi iṣẹ́. Tí a bá dé ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àgbà á ti gbé púpurú kalẹ̀, ọbẹ̀ marúgbó á wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹja tútù láti Ìgbókòdá, àwa ọmọ kéékèèké tí a kò gbá nǹkan kan ló sì ń jẹun jù.

Iṣẹ́ tèmi ni pọ́ǹpù. Bọ́ọ̀lù ìgbà yẹn ní bládà nínú, awọ níta, okùn ni wọ́n fi ń di ẹnu rẹ̀ bí a ti ń di ẹnu bàtà. Èmi ni mo ń fẹ́ ẹ, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, á ní ó kù díẹ̀, tàbí ó ti pọ̀ jù. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, awọ náà á mu omi títí á fi wúwo bí òkúta. Ẹni tó bá fi orí kàn án níbi okùn, ojú àpá á hàn níwájú orí rẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Mo mọ ọkùnrin kan tí àpá yẹn ṣì wà níwájú orí rẹ̀ dòní, ó sì ń fi í ṣe ẹ̀rí pé òun ló gbá góòlù Òde-Ìrèlè.

Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn tó ń wò wá kò lè dá owó náà. A gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni a ń lò, kò sí ọgbà yí i ká. Àwọn tíṣà wá ta okùn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀, wọ́n ní kóbọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn àlejò láti Ìkòyà san án, nítorí wọn kò mọ ọ̀nà. Àwọn ará ilé wa gba inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn òpó góòlù wọlé, tọmọdé tàgbà, àwọn ọ̀dọ́ gun igi máńgòrò. Ìyá kan tó ru igi bọ̀ láti oko kọjá lábẹ́ okùn, ó kí tíṣà tó jókòó ti tábìlì pé ó kú iṣẹ́, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì wòran títí eré fi parí. Tíṣà náà dìde fún un ní àga tirẹ̀. Owó tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn kò tó ra bládà. Kí ló kù? A padà sídìí agolo tábà.

Àárín àkókò yìí ni rédíò mú wa mọ bọ́ọ̀lù ńlá. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, ìjọba Murtala Muhammed pín Western State sí mẹ́ta, Ìkálẹ̀ bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Inú àwọn àgbà dùn pé ìjọba máa súnmọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC wà ní Ìbàdàn, ìyẹn ni pé nínú ìwé, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ti di ẹgbẹ́ tí à ń gbàdúrà fún. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, IICC pàdé Tonnerre ti Yaoundé nínú àṣekágbá ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Roger Milla wà nínú Tonnerre, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. IICC nà wọ́n ní ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹyọ kan sí òdo ní Cameroon, wọ́n sì gbé ife náà wálé. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà kankan rí ṣáájú wọn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Onígẹdú ni a ti gbọ́ ọ. Ó gbé rédíò náà sí ojú fèrèsé òkè, gbogbo wa sì dúró sí ìsàlẹ̀. Ernest Okonkwo ló ń sọ ọ́, èdè Òyìnbó ló sì fi ń sọ ọ́. Nínú gbogbo èrò yẹn, bóyá ẹni mẹ́wàá ló gbọ́ ohun tó ń wí. Tíṣà kan ń túmọ̀, ṣùgbọ́n bó bá fi máa dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà, bọ́ọ̀lù á ti kúrò níbẹ̀. Bí ohùn Okonkwo bá ṣe ń ga sí i la ṣe ń mí sí i. Òun ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti IICC ní “Mathematical”, kò sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni tó bá ga, tó tún tẹ́ẹ́rẹ́, fi di Mathematical ní Òkìtìpupa, títí kan ẹnì kan tí kò lè gba ìṣirò kankan lóòótọ́. Mudashiru Lawal, tí òun náà wà nínú IICC, tiẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn kàn pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kankan kò tún fẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ mọ́.

Mo ti dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé IICC kì í ṣe orúkọ bọ́ọ̀lù rárá. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ni. Ṣáájú rẹ̀, WNDC ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, ìyẹn náà ilé iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di 3SC. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn náà ní Onígẹdú tirẹ̀. Ìjọba ni, agolo tábà rẹ̀ ló kàn tóbi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e le jù. Ní 1977, IICC àti Rangers ti Enugu pàdé nínú ìdíje kan náà, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ogun abẹ́lé kò tíì ju ọdún méje tó parí lọ. Àwọn Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í ra bátìrì tiwọn fún rédíò tiwọn. Wọ́n gbá a ní Èkó, òdo sí òdo. Wọ́n gbá a ní Kàdúná, òdo sí òdo. Pẹnárítì ló là wọ́n, Rangers sì lọ. Gólí tiwa nígbà yẹn, ọmọ Ìgbò ni. Gbogbo wa rò pé kò ní jáde wá ṣe ìgbáradì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó jáde. Kò sọ nǹkan kan, ó dúró sáàárín òpó méjèèjì, ó ní kí wọ́n máa gbá a bọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Onígẹdú tó ń wòran fún un ní náírà kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i tó sanwó fún eré nìyẹn.

Bí ẹ̀wádún 1980 ṣe dé, ó jọ pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló kún fún onígẹdú. Ilé iṣẹ́ Leventis ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Ìbàdàn, M.K.O. Abíọ́lá ní Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, kò sí ẹlòmíràn tó rí ife Challenge Cup gbé sílé: Leventis gbà á ní 1984, Abíọ́lá Babes ní 1985, Leventis ní 1986, Abíọ́lá Babes ní 1987. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń jù ú síra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀wádún 1990 fi máa gbérasọ, ẹ kò lè rí ìkankan nínú àwọn méjèèjì mọ́. Stationery Stores ti Èkó pẹ́ díẹ̀ jù wọ́n lọ. Israel Adébajọ́, ẹni tó dá a sílẹ̀, kú ní 1969, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì gbé ẹgbẹ́ náà lé èjìká débi pé ó tún gba líìgì ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn, òun náà dàwátì. Ẹni bá rántí ariwo àwọn ará Stores ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè kò ní gbà pé irú èrò bẹ́ẹ̀ lè máa wá ẹgbẹ́ tiwọn kí wọ́n má rí i.

Tiwa kò pariwo kó tó kú. Igi ńlá ti jìnnà, lọ́rìí gẹdú ní láti wọ inú igbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Bedford náà sì ti darúgbó. Onígẹdú ṣàìsàn díẹ̀, ó sùn. Ní ìsìnkú rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ aṣọ eré lórí ṣòkòtò gígùn, wọ́n tẹ̀ lé òkú dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ pín ogún. Lọ́rìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù, kò sì ṣẹ̀ wá; ogún tirẹ̀ ni. A gbá eré díẹ̀ sí i pẹ̀lú ọkọ̀ tí a háyà, ẹni tó ń kọ ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì jìnnà.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó rí ìtàn wa níbi tí n kò fọkàn sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú mi lọ wo rugby league, irú rugby tí èèyàn mẹ́tàlá-mẹ́tàlá ń gbá. Eré náà kò yé mi púpọ̀, mo kàn rí i pé àwọn ọkùnrin náà ń ya lu ara wọn láìbínú. Àwọn tó ń wòran ni mo ń wò. Ìyá àgbà ń bẹ níbẹ̀ tó ń bú rẹfirí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bú u tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé Huddersfield, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìtura George hàn mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rugby àríwá ti pàdé ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1895, tí wọ́n ya ara wọn kúrò lára àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á. Àwọn tó ń gbá a ní àríwá, awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni wọ́n. Bí wọ́n bá lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n pàdánù owó iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ dá owó náà padà fún wọn, àwọn ọlọ́lá gúúsù ní ó tì o, eré ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ lówó nínú. Ni wọ́n bá kó jáde, wọ́n sì fi í sófin pé owó náà kò gbọdọ̀ ju ṣílè mẹ́fà lọ lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ gbà kí wọ́n máa sanwó eré gan-an ní 1898, wọ́n ní dandan ni kí agbábọ́ọ̀lù ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ náà fi bi mí pé kí ló dé. Onígẹdú tí kò ka ìwé kankan, tí kò kúrò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ju Sapẹlẹ lọ, òfin kan náà ló ń ṣe lórí itan rẹ̀ ní iwájú Bedford. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọgbà. Àwọn ará àríwá mọ ọgbà yí pápá wọn ká, wọ́n ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, owó náà sì di ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà yẹn fi ní ẹgbẹ́ tí ó lè mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ wò.

Eré náà ti dé ọ̀dọ̀ wa báyìí. Ní oṣù Kẹwàá 2019, àwọn Green Hawks ti Nàìjíríà na Morocco ní Èkó, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ rugby league Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn Ayé. Ní ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Sunshine Stars ní Àkúrẹ́, owó ìjọba ló ń bọ́ ọ. Ní 2012, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n gbá ayò mẹ́ta sí mẹ́ta pẹ̀lú Al Ahly, kí wọ́n tó jẹ ẹyọ kan ní Cairo. Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi wá kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá eré ilé náà. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá fẹ́ wo ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ga jù, ó ní láti wọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Àwọn ọmọ kan tún ti kó ara wọn jọ ní àdúgbò wa. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù ló wà lẹ́yìn aṣọ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Mo ní ẹ ṣé. Mo bi wọ́n pé ta ló máa ń sanwó ọkọ̀ bí wọ́n bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù níta. Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló dáhùn.

“Dádì, ìyẹn gan-an la bá wá.”

Mo ní kí wọ́n lọ dáwó láàárín ara wọn ná, kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá àti bàbá tó ń wá wòran, iye tí wọ́n bá kó wá, èmi á fi irú rẹ̀ lé e, n kò ní fi kóbọ̀ kan lé e jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dán nígbà tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n padà wá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n kó ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà lọ́wọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó pélébé-pélébé láti ọwọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Mo ka ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lé e. Wọ́n lọ sí Ìlútitun, wọ́n sì jẹ ayò méjì sí òdo.